Gbólóhùn Mẹ́ta Tí Mo Kọ Fún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rí i bí ẹ ṣe ń jiyàn láti àná lórí eléré ìje tó sọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́yìn tó borí. Ọ̀pọ̀ yín ní kó máa sáré ẹ̀ lọ, kó fi òṣèlú sílẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ní Warri ni, lásìkò tí ìjà ìgboro láàárín àwọn ẹ̀yà ìlú náà ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Edjeba là ń gbé, iṣẹ́ klíárínsì, ká máa gba ẹrù jáde, ni mo sì ń ṣe ní Pọ́ọ̀tù. Nínú iṣẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo téèyàn bá ṣì kọ sórí fọ́ọ̀mù lè dá kọntéénà dúró fún oṣù kan. Ó ti mọ́ mi lára láti máa wọn ọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́.

Bùkọ́lá ọmọ mi ń sáré fún iléèwé wọn, eré tí ẹni mẹ́rin ti máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ́sítà ló máa ń gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Ilé wa ni Ẹ́sítà ti ń jẹun ní gbogbo Sátidé, ó tiẹ̀ ń sọ Yorùbá ju ọmọ tí mo bí lọ!

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje ìpínlẹ̀ wáyé ní Asaba ni wọ́n dáná sun ilé àwọn Ẹ́sítà nítorí ẹ̀yà wọn. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n wọ̀ sá lọ sí Sapele. Ọmọ mìíràn ló rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Àlejò ni wá nílùú. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ìbọn dí ọ̀nà mọ ilé mi, wọ́n mọ orúkọ mi. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé fún Bùkọ́lá: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ iléèwé mi. Mo ní tí oníròyìn bá béèrè Ẹ́sítà, kó ní ara rẹ̀ kò yá.

Ó wò mí. Ó ní, "Daddy, but e no sick."

Mo ní kó lọ kọ́ ọ sórí.

Wọ́n borí. Oníròyìn rédíò gbé maíìkì sí i lẹ́nu, ó sì sọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ọkùnrin náà wá bi í pé ọmọ tó máa ń gbé ọ̀pá fún un ńkọ́? Ó wo ibi tí mo dúró sí. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó ní ara Ẹ́sítà kò yá.

Mo mí kanlẹ̀. Mo tiẹ̀ ra súyà fún gbogbo wọn lọ́nà!

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, a di ìrẹsì àti aṣọ, ó di Sapele. Bùkọ́lá fi mẹ́dàlì rẹ̀ sínú báàgì, ó ní Ẹ́sítà ló ni ín. Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti bá wọn lórí ẹní, rédíò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Ẹ́sítà gba ìrẹsì, ó dúpẹ́, ó wá bi mí jẹ́jẹ́: "Oga, which sickness catch my pikin?"

Aṣọ tí a kó wá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Èmi tí mò ń wọn ọ̀rọ̀! Obìnrin náà ní gbogbo àwọn tó sá wá síbẹ̀ ló yí rédíò ká lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń retí kí ẹnì kan sọ pé ilé àwọn jó.

Bùkọ́lá na mẹ́dàlì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ́sítà, ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ò wojú mi. Ó ní, "Carry am give person wey well."

Bùkọ́lá ò sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Mẹ́dàlì ọ̀hún ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ọmọ mi kò sì béèrè rẹ̀ rí.

Mi ò ní tàn yín: ìbọn yẹn kì í ṣe àwàdà, mo sì kó ọmọ mi yọ láàyè. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀rẹ́ ẹni tó jó, ṣé òṣèlú nìyẹn? Bí eléré bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó dákẹ́. Kí òbí rẹ̀ má ṣáà kọ irọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ ti fi sí ọmọ yín lẹ́nu rí tó ń dùn yín títí dòní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Màá kà á. Bóyá Bùkọ́lá náà á kà á.