Ẹ̀gbà Ọmọ Tuntun

Níbi iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ ńlá la fi ń tẹ irin oríṣi méjì pọ̀ di ẹyọ kan, láìlo iná. Bí òórùn irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha bá ti gba imú mi, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Àpòmù ni mo máa ń rántí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ni. Àlájà, ìyá bàbá mi, mú fàdákà wá láti Ìkirè kí wọ́n fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún un. Màmá, ìyá ìyá mi, mú bàbà pupa wá ní tirẹ̀, ó ní òun lọmọ ilé àwọn ń wọ̀. Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ; wọ́n jókòó, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Alágbẹ̀dẹ ha fàdákà àti bàbà náà títí wọ́n fi ń dán, ó kó wọn léra, ó sì kì wọ́n sáàárín irin róbótó méjì tó wà lára ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

"Apá mi ò ká a, ẹ̀yin ìyá. Ẹ dákun, ẹ bá mi yí i."

Àlájà so gèlè mọ́dìí. Màmá náà dìde. Wọ́n jọ di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú.

"Àna mi, ẹ má sùn síbẹ̀," Àlájà wí.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ò jẹun yó láàárọ̀," Màmá fèsì.

Ẹ̀rín gba ẹnu wọn. Irin náà jáde pẹlẹbẹ, ojú kan funfun, ojú kejì pupa, kò ṣeé yà mọ́. Wọ́n tún fẹ́ jà lórí ojú tí yóò kọ síta, ni alágbẹ̀dẹ bá lọ́ ọ bí okùn kí méjèèjì lè hàn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni alágbẹ̀dẹ náà ń dá ẹ̀rọ náà yí.

Bí a ti ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tí a pàdé ni Àlájà àti Màmá ń sọ fún pé àwọn méjèèjì ló rọ ẹ̀gbà náà.