Sìmẹ́ńtì Tí Mo Kó Jọ fún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní ọmọge, tí mo ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó oṣù mi kì í pẹ́ lọ́wọ́ rárá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ráhùn pé owó ò níye lórí mọ́, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Ayé ológun ni mò ń sọ, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ohun tí mo bá fojú sí lọ́jà lóṣù yìí, kí n tó gba owó oṣù tó ń bọ̀, owó rẹ̀ ti gbéra. Ó máa ń bí mi nínú débi pé mo lè sunkún nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi owó náà ṣe. Ìyá mi ń gbé inú yàrá alámọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti là, bí òjò bá sì ti ṣú, ẹní ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ká. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ni wọ́n bí. Mo fẹ́ kọ́ ilé fún wọn kí wọ́n tó darúgbó jù.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní bí owó bá ń yọ́ lọ́wọ́ mi, sìmẹ́ńtì ò lè yọ́. Tí mo bá ti gbowó, màá ra àpò kan, nígbà mìíràn méjì, màá ní kí alábàárù gbé e wá sínú yàrá tí mo háyà, màá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. N kì í ra bàtà, n kì í lọ òde. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní nínú gbogbo ahun Ìjẹ̀bú, èmi ni olórí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá fọwọ́ tẹ àpò tó wà lókè wò, á rọ̀, inú mi á sì dùn.

Nígbà tó di àpò mẹ́wàá, ìyá mi wá kí mi. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wò ó títí.

“Èyí tó yàrá kan,” ni wọ́n wí. “Kọ́ yàrá kan ṣoṣo fún mi ná, ọmọ mi.”

Mo kọ̀. Mo ní yàrá méjì àti pálọ̀ ni mo ní lọ́kàn, n ò ní kọ́ ilé àbọ̀ kí àwọn ará agboolé wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí.

Òjò ọdún kejì ò dúró dè mí. Ògiri ìyá mi wó lápá kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n wà lóko lọ́jọ́ náà. Mo sáré pe bíríkìlà kan ládùúgbò wa, mo ní ká fi ohun tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ti òkè, ó dáa. Ó dé ìsàlẹ̀, ó mú òòlù, ó gbá a, ó dún bí òkúta. Ó bi mí bóyá mo tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀. N ò mọ̀ pé wọ́n ń tẹ́ pákó sábẹ́ sìmẹ́ńtì kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa mú un dì.

Ó ní, “Sìmẹ́ńtì kì í ṣe owó, àǹtí. Kì í dúró deni.”

Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló máa ń wà lókè, òun ni mo sì ń fọwọ́ tẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú àpò méjìdínlógún, mẹ́rin péré ló ṣeé lò. A fi í tún ògiri tó wó ṣe. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìyá mi ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ti dì wá fún àwọn. A gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n jókòó lé e, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Mo ti jókòó sórí ilé mi.” N ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n kú, nínú yàrá alámọ̀ yẹn.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù lẹ ti ń wo iye owó ọjà, ibẹ̀ náà lẹ ń fi owó pamọ́ sí, ẹ ò sì ní kó àpò sìmẹ́ńtì kún yàrá mọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ọ̀la tó ń bà yín, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo padà kọ́ ilé náà síbi tí yàrá alámọ̀ yẹn wà, yàrá méjì àti pálọ̀, bí mo ṣe wí. Sìmẹ́ńtì tó di òkúta yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì máa ń béèrè ìdí tí n ò fi jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Òun nìkan ni ìyá mi rí nínú ilé náà.