Tíṣà Oyèdèjì, Lanlọ́ọ̀dù Ojú Ọ̀run

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Tíṣà Oyèdèjì ti háyà yàrá méjì ládùúgbò wa ní Ìkòròdú, ọdún kọkàndínlógún náà sì ni àgbàrá ti ń bá a wọlé. Ará Ìkirè ni, Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀pẹ́. Gọ́tà tí wọn ò gbẹ́ parí ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ìpàdé àwọn lanlọ́ọ̀dù nìkan ló lè ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ayálégbé lè bá wọn to àga níbẹ̀, ó lè jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ la ẹnu. Èmi náà háyà ilé ni, mo mọ bó ṣe ń dunni.

Ní ọdún 2005 yìí, lẹ́tà dé láti òkè òkun. Mọ́fẹ́yìsára ló kọ ọ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tí Tíṣà kọ́ níjọ́sí. Iṣẹ́ wíwo ojú ọ̀run ló ń ṣe lọ́hùn-ún. Ó ní nínú àwọn fọ́tò tí òun yà, òun rí àmì kékeré kan tó ń ṣípò láàárín àwọn ìràwọ̀. Òkúta ńlá ni, ọ̀kan nínú àìmọye tó ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣọ́ ọ títí ọ̀nà rẹ̀ fi dá wọn lójú, ìgbà náà ni wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ ló máa ń dábàá orúkọ. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run sì ti fọwọ́ sí i: Oyèdèjì ni òkúta náà ń jẹ́.

Tíṣà sunkún. Gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ wọn, ó rò pé sísùn ni wọ́n ń sùn.

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́lé sí òpópónà kan ni òpópónà náà máa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ibì kan ń jẹ́ Oyèdèjì, kò sẹ́ni tó tún bèèrè: Tíṣà ti ní ilẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wá ní kó ta plọ́ọ̀tì fún àwọn. Tíṣà ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó. Nígbà tó yá, ó rántí gọ́tà, ó bá dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn òjò, ó wọ agbádá, ó gbé lẹ́tà lọ sí ìpàdé ní pálọ̀ Alhaji Bísíríyù, alága.

"Ṣé ẹ ti rí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀?" ni Alhaji bi í.

"Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, sà."

Gbogbo pálọ̀ mí kanlẹ̀.

"Bíkónì ààlà ilẹ̀ ńkọ́?" ni akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí, wí. "Níbo lẹ rì í sí?"

"Kò ṣeé rì, sà. Kì í dúró. Ọdún mẹ́rin ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan."

Fábíyìí kọ ọ́ sínú ìwé: ilẹ̀ náà ń rìn. Wọ́n nawọ́, wọ́n dìbò, Tíṣà di lanlọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un. Ojú ẹsẹ̀ ló nàró.

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí..."

"Ẹ fara balẹ̀, Lanlọ́ọ̀dù," ni Alhaji wí. "Ilé ara ẹni lèèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí. Ṣé àgbàrá ń wọ tiyín tó wà lókè?"

Tíṣà ò lè purọ́ mọ́ Jọ́gíráfì. "Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, sà."

"Alhamdulillahi! Èyí tó ń wọ yàrá ìsàlẹ̀, ti ayálégbé nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Wàsílátù ìyàwó Tíṣà fi wọlé. Àtàárọ̀ ló ti ń gbọ́n omi nínú yàrá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da garawa omi ẹrẹ̀ kan sórí kápẹ́ẹ̀tì Alhaji, ó padà lọ bu òmíràn. Nígbà tó máa fi gbé ìkẹta dé, Alhaji ti kó ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ń pariwo pé ta ló ní ṣọ́bìrì nílé.