Oje lápálápá lára ológbò ìyá àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bantè, lápálápá la fi ń ṣọgbà yí ilé ká. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n! Ta ni kò já ewé rẹ̀ rí nínú wa, kó fi koríko ṣe òrùka, kó tì í bọ oje tó ń sun jáde, kó sì máa fẹ́ fóófòó tó ń dán yinrinyinrin lójú oòrùn?

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ní ológbò kan tó ń jẹ́ Ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń lé eku nídìí èbù iṣu tí à ń tọ́jú de òjò. Bí eku bá jẹ èbù tán, kí la fẹ́ gbìn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fẹ́ fóófòó, Ẹ̀ṣọ́ ń fò mọ́ ọn. Fóófòó ń bẹ́ sí i lórí, ó ń bẹ́ sí i lẹ́yìn, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó bá jókòó, ó ń lá ara rẹ̀. Kò pẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì, kò lè dìde mọ́.

Ìyá àgbà gbóòórùn irun rẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, lápálápá lo fi kun ológbò mi?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ha mí lápá yánnayànna. Ìyá àgbà kò nà mí o. Ó ní, "Títí ara rẹ̀ á fi yá, ìwọ ni ológbò ilé yìí. Lọ ṣọ́ èbù."

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti èbù, igi lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ilé ń yọjú: "Ológbò, ṣé ká bu ẹja wá?" Eku kan tilẹ̀ ń jẹ èbù lójú mi kòrókòró, mo ju igi, igi bà mí lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ẹ̀ṣọ́ rọra wọlé, ó wò mí bí ọ̀gá ṣe ń wo ọ̀lẹ, ó sì gbé eku náà. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun.

Lóde òní, bíríkì ló yí ilé wa ká. Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ ra òdòdó ní Savalou, mo bi olódòdó bóyá kò ní ṣe ológbò mi ní nǹkan. Ó ní, "Màmá, òdòdó ni mò ń tà, n ò ta oúnjẹ ológbò." Mo fi òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo lọ gbin efinrin. Àlejò tó bá bi mí pé òdòdó mi dà, mo máa ń tọ́ka sí ológbò tó nà gbọọrọ lórí àga: "Òun nìyẹn. Ẹ má jókòó lé e o."