Dákẹ́-n-gbọ́ àti Akoto Tí Kì Í Pariwo

Ọjọ́ tí Bàbá Dákẹ́-n-gbọ́ ní kí wọ́n gbé fáànù wá kojú òun nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta akoto alùpùpù, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, kọ́kọ́ rò pé oòrùn ti pa á lórí ni. Bàbá jókòó sórí àpótí láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó dé akoto tuntun, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó wá ní kí ìyàwó òun dúró sẹ́yìn òun gẹ́lẹ́.

“Ìyá wọn, ó yá, sọ̀rọ̀.”

“Kí ni kí n sọ?”

“Ohun tó o máa ń sọ tá a bá wà lórí alùpùpù.”

“Níwájú gbogbo èèyàn yìí?”

“Wọn ò mọ̀ wá. Sọ̀rọ̀.”

Ìyá Aránṣọ wo ọlọ́jà, ọlọ́jà ti tan fáànù dé ibi tó le jù. Àwọn oníbàárà tó wá ra nǹkan tiwọn ti dúró, wọ́n ń wòran. Ìyá wúkọ́ díẹ̀. “Bàbá wọn, ẹ rọra máa sáré o.” Bàbá ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo ní ẹ rọra! Ẹ ò rí kòtò yẹn ni?” Bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí inú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìyá nìyẹn, ó gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù ni àwọn wà. “Ẹ ní ẹ máa bá mi kan pẹpẹ mọ́ ògiri láti ìgbà òjò. Òjò lọ, òjò ti padà dé, pẹpẹ wà nílẹ̀! Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín sórí aṣọ oníbàárà! Àbúrò mi wá kí mi, ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé, èmi rèé nínú yàrá!” Àwọn èèyàn ti ń di ìhà mú. Bàbá ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin aládùn.

Ó bọ́ akoto náà. “Èyí ò dáa. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Bàbá,” ni ọlọ́jà wí, “ṣé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn? Akoto tí kì í pariwo lẹ ní kí n gbé wá.”

“Ariwo atẹ́gùn ni mi ò fẹ́. Ta ló ní mi ò fẹ́ ohùn ìyàwó mi?”

Wọ́n gbé òmíràn wá. Atẹ́gùn ń hó nínú ìyẹn náà bí omi lórí iná. Wọ́n gbé ẹ̀kẹta wá. Ìyá ti sọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ tán, ó wá ku kékeré kan tó fi sídìí ọ̀rọ̀. “Ẹ sì tún máa ń hanrun.” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Bàbá yí padà gìrì lórí àpótí. “Ta ló ń hanrun? Èmi?” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fi ìka lu akoto orí rẹ̀ kóókóó. Ó ní, “Èyí gan-an ni. Ẹ bá mi dì í.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń wí pé ohun tí yóò dí etí wọn ni ọkọ yòókù ń wá kiri, Dákẹ́-n-gbọ́ nìkan ló jáde láàárọ̀ lọ wá ohun tí yóò ṣí i.

Àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni iṣẹ́ ọkùnrin náà kó tó di olóògbé. Orí alùpùpù ló máa ń wà láti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan dé òmíràn, àpò irinṣẹ́ á wà láyà, ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ gba aṣọ tàbí tó ń lọ kó aṣọ fún oníbàárà á wà lẹ́yìn. Tó bá dé ibi iṣẹ́, kì í sáré fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ gbé ìka kan sókè, á ní, “Ẹ dákẹ́, n gbọ́.” Á wá fi etí ti ẹ̀rọ náà bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn. Àwọn ọmọṣẹ́ á dá èémí dúró, àwọn oníbàárà á di òkúta. Obìnrin kan ṣèèṣì sín lọ́jọ́ kan, Bàbá dìde, ó nu ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ti fẹ́ sọ ibi tó ń dun òun, ará ibẹ̀ yẹn ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Etí ni oúnjẹ rẹ̀, akoto àkọ́kọ́ tó ní ló sì fẹ́ ba oúnjẹ náà jẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó ti jáwọ́ nínú gígun alùpùpù, orí ọ̀rẹ́ náà sì tóbi ju tirẹ̀ lọ. Tí Bàbá bá wo ọ̀tún, akoto ṣì ń wo iwájú. Gíláàsì ojú rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, àwọn ihò orí rẹ̀ ń fọn súfèé, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ọrùn wọlé bí olè. Tí Bàbá bá sọ̀ kalẹ̀, etí rẹ̀ á máa hó ṣìì, àfi kó jókòó síbi kan kí ariwo náà tó rọ̀.

Lọ́jọ́ kan kò jókòó, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó fi etí ti ẹ̀rọ aránṣọ kan, ó gbọ́ ohun kan tó ń dún ṣìì nínú rẹ̀, ó sì tú u palẹ̀ pátápátá, ó tẹ́ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ó tò ó padà, ó tún gbọ́ ṣìì. Ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kejì tó ń tò ó ló kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò yí rárá, síbẹ̀ ó ń dún. Aránṣọ náà ní, “Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún etí yẹn ṣe wá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó délé. Ìyá Aránṣọ rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó tẹ orí ba lé ẹ̀rọ òun, tó gbé etí ọ̀tún tì í, tó gbé ti òsì tì í, tó mi orí.

“Ìyá wọn,” ni ó wí, “tí etí yìí bá lọ, kí ló kù mí kù?”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ìyá ti ń bínú sí ọkùnrin náà ní tirẹ̀. Lórí alùpùpù ni àwọn méjèèjì máa ń ráyè sọ̀rọ̀, torí nílé, oníbàárà kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bá ẹ̀yìn ọkọ sọ̀rọ̀, tí ọkọ ò ní èsì méjì ju “Hẹn” lọ. Ó bi í lọ́jọ́ kan bóyá kí àwọn fi ọmọbìnrin àwọn fún ọkùnrin tó wá tọrọ rẹ̀. “Hẹn.” Àbí kí àwọn má fi fún un? “Hẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà burú dé ibi tó burú dé lọ́jọ́ tí wọ́n dúró níkòríta. Ìyá ní, “Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ ra òwú.” Bàbá ní, “Hẹn.” Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ṣíná, ó lọ. Àwọn ará àdúgbò tó rí i sọ pé bó ṣe ń lọ ló ń dáhùn, “Hẹn, hẹn,” tìwà-pẹ̀lẹ́ tìwà-pẹ̀lẹ́, sí ẹni tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé iwájú ilé, ó dúró, ó ní, “Sọ̀ kalẹ̀, a ti dé.” Ó tún ní, “Àbí inú ń bí ọ ni?”

Nígbà tó ṣẹ́rí padà, ojú ọ̀nà ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí àti òwú lọ́wọ́. Ìyá gun ẹ̀yìn alùpùpù, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n délé, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá wá jókòó tì í lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ó ní, “Mo mọ̀ pé o ti ń dákẹ́ fún mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò mọ ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá ò lè bínú mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo inú etí, ó ní etí ò tíì bàjẹ́, ariwo atẹ́gùn ló ń lù ú. Ó ní kí wọ́n lọ wá akoto tó bá orí mu, tí kò ní máa pariwo, kí wọ́n má sì fi falẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Dákẹ́-n-gbọ́ á ti mọ̀ pé wàhálà dé bá àwọn ọlọ́jà akoto nìyẹn. Ó mú téèpù ìyàwó rẹ̀ dání, ó ń wọn orí ara rẹ̀ níwájú dígí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Tó bá dé akoto, á jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí títí tí ọlọ́jà á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. “Èèyàn ò mọ ìwà àlejò lẹ́nu ọ̀nà,” ni ó máa ń wí. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́ níwájú orí, kò fẹ́. Tí kò bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú dáadáa, kò fẹ́. Á di orí mú ṣinṣin, á ní kí ìyàwó òun yí akoto náà. Tó bá yí tí orí ò bá a yí, kò fẹ́. Ó ní, “Akoto kì í ṣe fìlà. Fìlà lè gẹ̀. Akoto tó bá gẹ̀, olúwa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀.” Ọlọ́jà kan gbé èyí tó wuyì jù wá, wọ́n ya ẹyẹ àṣá gàgàrà sí i lára. Bàbá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

“Ó dára o. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí, ṣé ó máa ń dákẹ́ àbí ó máa ń ké?”

Bí wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gbé fáànù jáde nìyẹn. Nígbà tí akoto náà wá délé, Bàbá ní fóòmù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ojú òun kó tó jáde síta. Ó ń dé e ka ìwé ìròyìn, ó ń dé e gbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé bá a nídìí tábìlì, akoto lórí, gíláàsì lókè. Ọ̀rẹ́ bi í pé, “Níbo lò ń lọ?” Ó ní, “Mò ń jẹun.”

Ṣùgbọ́n akoto náà ṣe ohun tí wọ́n rà á fún. Ìyá Aránṣọ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá dé e tí wọ́n gun alùpùpù jáde. Ó wá rọra wí pé, “Bàbá wọn, igi ọ̀hún ti yọ òdòdó.” Bàbá ní, “Mo rí i. Ti ọdún tó kọjá pọ̀ jù báyìí lọ.” Ìyá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ omi tó wà níbẹ̀ gbẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ dé ilé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, tayọ̀tayọ̀.

Òkìkí kàn. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ́wọ́ lọ sí ọjà kó wá bá wọn yan akoto. Ọlọ́jà tó ta tirẹ̀ fún un kọ́kọ́ máa ń sá sẹ́yìn pẹpẹ tó bá rí i níjìnnà. Nígbà tó rí i pé oníbàárà ló ń tẹ̀ lé e, ó gbé àga fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe agídí pé èyí tó ń dán lòun fẹ́, ó kàn fún mọ́ òun lórí díẹ̀ ni. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó ní kó dé e, kí àwọn jọ ṣeré. Ìtàn ni Bàbá ń pa, ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí, títí ọmọ náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bọ́ ọ. Lọ́jọ́ mìíràn, orí ẹnì kan gùn, kò sí akoto kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbà á. Bàbá júwe ṣọ́ọ̀bù òdìkejì fún un. Ọlọ́jà ta gìrì.

“Bàbá! Ta lẹ ń bá ṣiṣẹ́ níbí gan-an?”

“Orí,” ni Bàbá wí.

Nígbà tí àìsàn wá dé, kò dá a gúnlẹ̀ pẹ́. Ilé ló kú sí, lórí ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ọlọ́kadà rọ́ dé láti kí Ìyá Aránṣọ. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́jà akoto náà wà láàárín wọn. Nígbà tó yá, ẹnì kan pa ìtàn kan, ẹlòmíràn pa òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde nílé ọ̀fọ̀.

“Ẹ rẹ́rìn-ín jàre,” ni ìyá wí. “Ẹni tá a sin ò kórìíra ẹ̀rín.”

Ọlọ́jà wá gbójú, ó bi í pé, “Màmá, báwo lẹ ṣe mọ Bàbá gan-an?”

Ìyá tún ìró rẹ̀ ró, ó fara balẹ̀ lórí àga. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi nígbà náà. Ẹ̀rọ mi ń já òwú, wọ́n ní kí n ránṣẹ́ pè é. Ó dé, ó tún un ṣe, ó lọ. Ọjọ́ kejì ó tún dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe dáadáa. Mo ní ó ń ṣe dáadáa. Ọjọ́ kẹta ẹ̀wẹ̀, òun náà rèé lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ṣé ẹ̀rọ náà tún bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́ o. Ó kàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó sú mi, mo ní, ‘Bùọ̀dá, kí lẹ ń wá gan-an?’ Ó ní ẹ̀rọ mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun kàn fẹ́ràn bí mo ṣe máa ń bá oníbàárà jà ni.”

Ẹ̀rín bú nínú yàrá, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú.

“Ẹ wá sọ fún un pé kí ni, Màmá?”

“Mo ní kó wọlé wá jókòó, oòrùn ń pa á. Ó sì wọlé, ó jókòó.” Ìyá wo ẹnu ọ̀nà. “Àárọ̀ ni o. Ilẹ̀ ṣú, kò tíì dìde.”