Ìbò Ilé Panápaná: Ẹ Bi Wọ́n Lẹ́ẹ̀kan Sí I

“Rárá o, ẹ má ṣèyọnu. Àwọn tó jù mí lọ pọ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.”

Ohun tí Màmá Tóyìn sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n dábàá orúkọ wọn fún àyè kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ilé panápaná wa. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì tẹrí ba. Gbogbo àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó kàn: ẹnì kan yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin la fẹ́,” wọn yóò tún kọ̀ díẹ̀, a óò tún bẹ̀ wọ́n, wọn yóò sì gbà. Ọ̀gbẹ́ni Walter, alága wa, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ó ti kọ̀. Ẹlòmíràn ńkọ́?” Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti fi òòlù kékeré ọwọ́ rẹ̀ lu tábìlì. Ìdábàá orúkọ ti parí.

Èmi ni akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kọ̀, nítorí ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ bírò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kà, mo sì rò pé mo mọ ohun tí ìbò jẹ́. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti akọ̀wé ọ́fíìsì ní ilé panápaná kan nítòsí Hillcrest Heights, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà: kí n máa tẹ lẹ́tà, kí n máa gba ìpè, kí n sì ṣètò ìdìbò ọdọọdún.

Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà máa ń rò pé ìjọba ló ń yan irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, gbogbo olùdìbò àdúgbò ló ń yan àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ pàjáwìrì, bí wọ́n ṣe ń yan olóṣèlú. Tiwa yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ni, àwọn tó ń fi ara wọn jìn láìgba owó ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò, ará àdúgbò tó bá sì forúkọ sílẹ̀ lè di ọmọ ẹgbẹ́, bí kò tilẹ̀ pa iná rí. A máa kọ́kọ́ ṣe ìpàdé ìdábàá orúkọ, lẹ́yìn náà la óò dìbò. Àwọn tí a bá yàn ló ń pinnu irú ọkọ̀ tí a óò ní àti èyí tí a óò jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì ọgbọọgba lórí bóyá kí a jáwọ́ nínú áńbúláǹsì wa. Ọ̀gbẹ́ni Ray, tí orúkọ rẹ̀ nìkan ló wá kù lórí ìwé ìbò, fẹ́ kí a jáwọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ òun àti àwọn tó ń wà á, ó sì gbà pé ti àdúgbò mìíràn lè máa wá. Màmá Tóyìn, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, mọ ohun tí ìdádúró díẹ̀ lè fà. Áńbúláǹsì yẹn ló gbé ọkọ wọn, díákónì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní Suitland tó wà nítòsí wa, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná. Mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Bàbá Tóyìn ìbá kú ká ní ọkọ̀ náà pẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò pẹ́, wọn kò sì kú.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo bá tọkọtaya náà nídìí ọkọ̀ wọn.

“Mà, kí ló dé tí ẹ kọ̀?”

“Ta ló kọ̀? Ṣebí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí!”

“Ẹ ní kí ẹlòmíràn ṣe é, mà.”

“Dàpọ̀, ṣé kí n wá fò mọ́ ọn bí ẹni tí ebi ipò ń pa? Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?”

Bàbá Tóyìn rẹ́rìn-ín láti inú ọkọ̀. “Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn nígbà tí mo ní kó fẹ́ mi.”

“Ẹ̀yin ò ṣáà fi òòlù lu tábìlì!”

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e wò fínnífínní. Òfin wà lẹ́yìn alága: ó béèrè, wọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé ìbò, kí olùdìbò lè kọ orúkọ ẹni tó bá wù ú. Mo sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bi mí, títí kan Ọ̀gbẹ́ni Ray. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó dé ti Mẹ́tọ́díìsì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé la dìbò, níbi tí a máa ń gbé ọkọ̀ panápaná sí. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wọ aṣọ iṣẹ́ wá. Èmi, alága, àti Denise, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa áńbúláǹsì, la jókòó láti ka ìbò níwájú gbogbo èèyàn.

Denise tú ìwé àkọ́kọ́. “Mọ́mì Tóyìn. Ta nìyẹn?” Ó tú òmíràn. “Ìyàwó Díákónì.” Òmíràn: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì.” Òmíràn: “Màmá wa.” Ó wò mí. “Dàpọ̀, èèyàn mélòó lẹ ń dìbò fún?”

Orúkọ wọn ni Folúkẹ́ Ṣóyẹmí, ṣùgbọ́n Yorùbá wo ni yóò kọ orúkọ àgbàlagbà lásán bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n? Bí a bá ka gbogbo ìwé náà pọ̀, wọ́n borí Ọ̀gbẹ́ni Ray. Bí a bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò tó o.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n?” alága bi mí.

“Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ṣùgbọ́n bí èmi nìkan bá jẹ́rìí, wọ́n á ní ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni mo ń gbè lẹ́yìn. Ẹ bi gbogbo ilé.”

Ó dìde, ó ka “Mọ́mì Tóyìn” bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lè gbé e. Gbogbo orí yí sí àga kan. Ó ka “Ìyàwó Díákónì”. Àga kan náà. Kó tó ka ẹ̀kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Ray ti ń rẹ́rìn-ín. “Walter, obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn! Òun ló fipá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ́jọ́sí. Mo gbà, ó ti wọlé.”

Alága kọjú sí wọn. “Ìyáàfin Ṣóyẹmí, ṣé ẹ gbà?”

Màmá Tóyìn dìde. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n tẹrí ba. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

“Háà, àwọn tó yẹ jù mí lọ ṣì wà o...”

Òòlù ti gòkè. Èmi kì í pariwo níbi iṣẹ́. Mo pariwo. “Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, sà!”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó tún béèrè.

“Bóyá kí ẹ wá ẹni tó lágbára jù mí lọ.”

Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ti sú. Mo gbé ìka kan sókè. Ó mí kanlẹ̀, ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé èmi náà lẹ ṣáà fẹ́, mo gbà.”

“Kíá báyìí?” Bàbá Tóyìn kígbe láti ẹ̀yìn. “Ọdún kan gbáko ni temi!”

Áńbúláǹsì náà kò kúrò. Èmi ni mo kúrò nígbà tó yá, torí mo ríṣẹ́ mìíràn nídìí ètò ìdìbò. Lọ́jọ́ tí mo wá dágbére, Ọ̀gbẹ́ni Walter ní kí n má lọ. Mo ní rárá, mo dúpẹ́, sà.

Ó ti òòlù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún àga mọ́ mi. “Ó dáa. Mo tún bi ọ́.”

Mo ní rárá. Ó tún bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé nígbà mìíràn, bí Yorùbá bá ní rárá, rárá náà ló ní lọ́kàn. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ bu kọfí fún mi, kó lè ráyè bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.