Àpótí Ìyàwó Mi àti Awọ Àgbọ̀nrín

Ìyá tó bí mi ló kó mi sí wàhálà yìí. Lágbàlá ilé wa ní Bẹẹrẹ, àlọ́ kan wà tí kì í sú u: ọdẹ rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di arẹwà obìnrin. Ọdẹ jí awọ náà, ó fi í pamọ́ sínú àká, ó sì fi obìnrin ṣaya. Lọ́jọ́ tí obìnrin rí awọ rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó padà sígbó. Ìyá mi á wá kọjú sí àwa ọkùnrin: "Ẹ ṣọ́ra fóbìnrin o!"

Mo ṣọ́ra títí mo fi pé ọdún méjìlélógójì láìníyàwó.

Nígbà tí mo wá fẹ́ aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà'ba, oṣù kẹta kò pé tó fi gbé àpótí onírin kan wọlé. Ó tì í pa. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Mo ní kò burú. Lọ́jọ́ kejì, mò ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo gbọ́ òórùn ẹran igbó nínú àpótí náà. Awọ àgbọ̀nrín ni! Obìnrin yìí máa fi mí sílẹ̀, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ! Bó bá na ẹsẹ̀ sórí ẹní, màá yọjú wò ó bóyá pátákò ni. Ìwé mẹ́fà tí mo kà kò gbà mí.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé àpótí rù, ó lóun ń lọ sílé wọn l'Óníyanrìn. Mo yọ́ tẹ̀lé e. Igbó wo ló kù ládùúgbò wa? Páànù lórí páànù ni. Ẹni tẹ́rù ń bà kì í béèrè bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe sọ àpótí kalẹ̀, tó yọ kọ́kọ́rọ́, mo já wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá rẹ̀ àtàwọn obìnrin agboolé. Ẹni tí mò ń pè ní "ìwọ" di "ẹ̀yin" lójijì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ̀! N ò sọ àṣírí yín fẹ́nì kankan!"

"Àṣírí wo?" ni ìyá ìyàwó mi bi mí.

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi fẹ̀rín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣí àpótí: ẹran àgbọ̀nrín gbígbẹ ni, tí ìyá rẹ̀ ní kó bá òun tọ́jú de ìkómọ ọmọ àbúrò rẹ̀. "Ẹnu yín ni mò ń gbé e sá fún, ọkọ mi. Ẹran wo ló ń pẹ́ nílé wa?"

"Ẹ dìde, àna mi," ni ìyá wí. "Nínú àlọ́ yẹn, ta ló jalè?"

Mo ronú. Láti kékeré ni mo ti ń ṣọ́ obìnrin; n ò ṣọ́ ọdẹ rí.

"Ọdẹ ni, mà."

"Ta ló fi nǹkan pamọ́ fẹ́nì kejì rẹ̀?"

"Ọdẹ náà ni."

"Ta lẹ wá ń sá fún?"

Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ wọ́n ní àfi kí n tún àlọ́ náà pa. Bí ọdẹ ṣe nawọ́ sí awọ, gbogbo agboolé pariwo: "Olè!" Ohùn ìyàwó mi ló ròkè jù. Nígbà tí awọ padà dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó mi bá dìde, ó tún gèlè wé. "Ọkọ mi, ó yá, ká máa lọlé."

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ fún mi rí.